Télọ̀ Àjàṣẹ́ ní Ọdún Bọ́ǹbù Faransé

Ọdún tí a gba òmìnira, ọyẹ́ mú ní Ìjẹ̀bú-Igbó débi pé ètè àwọn ọmọ kíláàsì mi là, wọn ò lè ya ẹnu dáadáa kọrin àárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ni. Ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí kan ní Jàpárà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ilé bàbá mi ní Òjòwò ni mo sì ń gbé. Bàbá mi ń ṣòwò obì. Ó máa ń rà á lóko, á dì í sínú agbọ̀n, á sì fi ránṣẹ́ sí Òkè Ọya. Òun nìkan ló ní rédíò tó ń lo bátìrì ńlá ní àdúgbò wa.

Yàrá tó kọjú sí títì nílé wa, télọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Ará Àjàṣẹ́ ni, ní ilẹ̀ Dàhòmì, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Pọ́tó-Nófò. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó sì ń kírun bíi tiwa, ṣùgbọ́n tó bá ń wọn ènìyàn láti rán aṣọ fún un, èdè Faransé ló fi ń ka òǹkà lábẹ́ ẹnu. Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ pé ìbéèrè ni wọ́n fi wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Télọ̀ nìkan ni ìbéèrè mi kì í sú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọdún ń parí lọ, rédíò sọ pé àwọn Faransé tún ti yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Ìyá mi ń gbọn eruku kúrò lára àga nígbà náà. Ó dúró, ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣebí ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń wá?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti fi aṣọ ìlọ́po méjì bo gbogbo ìkòkò omi, ó sì ti kó tòmátì tó sá sí ìta wọlé. Ní ọjà, wọ́n ń sọ pé eruku náà ń mú kí irun jábọ́, wọ́n ní aboyún kò gbọdọ̀ fà á símú. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé ọyẹ́ ti ń fẹ́ kí wọ́n tó bí baba àwọn Faransé.

Èmi fẹ́ mọ̀ ni tèmi. Mo gbé àwo funfun kan sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó di ọ̀sán, eruku ti bò ó. Mo fi ìka nù ún, mo gbóòórùn rẹ̀, mo gbé e lọ sínú oòrùn bóyá yóò máa dán. Eruku lásán ni. Mo gbé e lọ bá télọ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ pé nǹkan burúkú wà nínú rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀?"

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Tíṣà, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Wọ́n ní kì í rùn, kì í sì í ta èèyàn lára. Ọ̀gá tó yìn ín nìkan ló ní ẹ̀rọ tó lè mọ̀."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń yìn ín?"

"Amẹ́ríkà ní in, Rọ́ṣíà ní in, Gẹ̀ẹ́sì ní in. Faransé náà fẹ́ kí wọ́n máa fún òun ní àga nígbà tí wọ́n bá ń jókòó."

"Bí gbogbo ẹni tó ń wá àga bá ń yìn ín ńkọ́? Bí ọ̀kan bá yìn ín lu èkejì ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n lọ bi ọ̀gá ilé-ìwé mi. Lẹ́yìn náà, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, ó sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Ó ní àbúrò òun wà ní aṣálẹ̀ náà. Àwọn Faransé ló mú un wọṣẹ́ ológun ní tipátipá, kí Dàhòmì tó gba òmìnira, wọ́n sì kó o lọ sí Àlùjẹ́ríà, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń bá Faransé jà pé kí wọ́n fi ilẹ̀ àwọn sílẹ̀. Òmìnira Dàhòmì ti dé, síbẹ̀ ọmọ náà kò tíì padà sílé. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí yóò fara ti rédíò, tí yóò máa yí i kiri títí yóò fi bọ́ sórí ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó tì í. Ohun tó bá gbọ́, yóò tú u fún mi. Mo mú àwòrán ayé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wálé, a sì ń fi ìka wá àwọn ìlú tí wọ́n bá dárúkọ. Ó yà mí lẹ́nu pé orí ilẹ̀ kan náà ni ogun ti ń jà tí wọ́n sì ti ń yin bọ́ǹbù. Mo ní, "Ṣé wọn ò bẹ̀rù pé ó lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá?" Ó ní òun náà ti ro ìyẹn. Mo ní, "Tó bá wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ńkọ́?" Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọdún tuntun kò tíì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nígbà tí rédíò tiwa kéde pé ìjọba Nàìjíríà ti já okùn àárín wọn pẹ̀lú Faransé, pé kí aṣojú Faransé kó ẹrù rẹ̀ kúrò l'Ékòó, kí ọkọ̀ ojú omi wọn má sì ṣe gúnlẹ̀ sí èbúté wa mọ́. Àwọn ènìyàn jáde sí títì ní Òjòwò, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Ní ilé-ìwé, a to àwọn ọmọ, wọ́n kọrin. Inú mi dùn. Mo rò pé èyí ni ohun tí òmìnira wà fún, pé kí ènìyàn kékeré lè wí fún ènìyàn ńlá pé, "Ó tó."

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, mo bá obìnrin kan ní yàrá télọ̀ tó wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìrán. Òmíràn dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò bá a jà. Wọ́n kàn ní àwọn ti rí ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa ti ń pè é ní Ará Faransé láti ìgbà tí ìròyìn bọ́ǹbù ti dé. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀. Bàbá mi bá a níbẹ̀, ó bi í pé kí ló ń ṣe.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ kó tó di pé wọ́n lé mi."

"Ta ni yóò lé ọ? Ilé ta ni o wà?"

"Ilé yín ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí mi bá yín jà."

"Tún ẹ̀rọ rẹ tò," ni bàbá mi wí, ó sì jáde.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní kí bàbá mi àti télọ̀ dúró. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn ògiri kúkúrú tó pín ọgbà mọ́ṣáláṣí sí méjì. Àwọn kan ń lọ sílé, ṣùgbọ́n èmi jókòó, mo gbé etí mi lé ògiri náà. Ìyá mi fà mí láṣọ pé ká máa lọ, nígbà tó sì rí i pé mi ò dìde, òun náà jókòó.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ìjọba ti lé Faransé l'Ékòó. Ti Òjòwò ńkọ́? Ẹni tó ń fetí sí èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ lójoojúmọ́, báwo la ṣe mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an?"

Ohùn télọ̀ kò sókè. "Àbúrò mi ni mò ń gbọ́ ọ fún. Wọ́n mú un ní ọjà, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ológun, wọ́n kó o lọ sí Àlùjẹ́ríà. Ìyá wa ò tíì rí i láti ìgbà náà."

"Ó ń bá Faransé jà?"

"Ó wà nínú ọmọ ogun wọn."

"Á jẹ́ pé àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa ló ń yìnbọn fún!"

Ariwo sọ. N kò gbọ́ ohun kan fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ti wà lẹ́nu èmi náà láti ọjọ́ tó ti sọ fún mi, n kò sì bi í. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ télọ̀.

"Bí ó bá ń yìn ín, mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá ti yìn ín fún òun náà, mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń gbọ́ rédíò nìyẹn."

Bàbá mi wá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìdí obì ló mọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Aṣojú Faransé tí ìjọba lé yìí, ta ló gbá a létí? Wọ́n ní kó di ẹrù rẹ̀, ó dì í, ó wọ bàálù, ó lọ. Ẹni tó ní kí ikọ̀ máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ ló ṣì ń sọ. Ọ̀rọ̀ kíkan ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá lu ikọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ogun. Ìjọba ò sì rán wa níṣẹ́ ogun. Ẹni tí ẹ sì ń sọ yìí kì í ṣe ikọ̀ ẹnikẹ́ni. Àlejò mi ni."

N kò tíì ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí mo ti bá àwọn ọmọ kọrin. Lójú mi, lílé aṣojú kúrò nílùú dà bí ẹ̀ṣẹ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì nípa ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kíkan: ta ló máa kọ́kọ́ dáhùn, kí sì ni yóò fi dáhùn?

Lèmọ́mù, tí ó ti dàgbà gan-an, wúkọ́. Ó ní, "Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ó ń dá gbọ́ ọ. Kí wọ́n gbé rédíò náà síta. Kó máa gbọ́ ọ lójú gbogbo wa, kó sì máa tú u fún wa." Káfíńtà ní báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó tú u bó ṣe rí. Lèmọ́mù ní, "Bó o ṣe mọ̀ pé èmi náà ń tú Àlùkùráánì bó ṣe rí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì tú ká.

Bí rédíò bàbá mi ṣe bọ́ síta nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n á gbé àga jáde, télọ̀ á fara ti rédíò, á máa sọ ohun tó bá gbọ́ ní díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ wá láti ṣọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n ń wá nítorí ìròyìn. Káfíńtà ni kì í pẹ́ dé. Lọ́jọ́ kìíní, ó na ìka sí rédíò, ó ní, "Bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi yìn ín ní ìlú tiwọn?" Télọ̀ ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, káfíńtà náà rín tiẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá, òun ló kọ́kọ́ gbé aṣọ wá fún rírán.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ìyá mi sì ti da gbogbo omi òjò náà nù nítorí ìbẹ̀rù eruku, kó tó di pé ẹlẹ́ja kan tó ń bọ̀ láti ìhà odò ya ilé wa. Ó ní ọkùnrin kan ti ọ̀nà ọ̀sà dé sí Ẹ̀fìrẹ̀ létí omi, ó ń béèrè télọ̀ ará Àjàṣẹ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Télọ̀ dìde, ó tún jókòó. Ó bi í pé, "Ṣé àpá wà ní àgbọ̀n rẹ̀?" Ẹlẹ́ja ní òun ò wo àgbọ̀n rẹ̀.

Bàbá mi ní òun yóò bá a lọ. Mo ní èmi náà yóò lọ. Ìyá mi ní, "Kí rèé? Kí lo fẹ́ lọ wò?" Mo ní, "Mo fẹ́ bi í léèrè ohun tó rí." Bàbá mi wò mí, ó ní kí n lọ wọ bàtà.

Ọkọ̀ gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Òde, òmíràn gbé wa sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà omi, a sì wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. N kò tíì rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Ẹ̀fìrẹ̀, wọ́n júwe ilé obìnrin kan tó ń yan ẹja fún wa. Aládùúrà ni. Ó jáde láti inú èéfín, ó ń nu ojú, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ó wà lẹ́yìn ilé. Kò ní aṣọ kankan nígbà tó dé, la bá fún un ní tọkọ mi."

A yí sẹ́yìn ilé. Ọkùnrin tó tinrín kan wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ funfun gbọọrọ ti àwọn Aládùúrà, ó sì ń kírun nínú rẹ̀. A dúró títí ó fi sálámà, tí ìrun parí. Nígbà tó yí ojú sí wa, télọ̀ rí i pé àbúrò òun ni. Ó lọ, ó gbá a mú, ó wá ń fi ọwọ́ wọn èjìká rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ fún un, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn ológun Faransé ti fún un láyè kó wá rí ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ni. Kò padà sọ́dọ̀ wọn. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi kan, ó sì tún wọ òmíràn. Obìnrin náà gbé ẹ̀bà àti ẹja wá fún wa, a jẹun. Télọ̀ kò bi í nípa ìbọn, bàbá mi náà kò bi í. Nígbà tí a fọwọ́ tán, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i?"

Ó mọ̀ pé bọ́ǹbù ni mò ń béèrè. Ó ní òun kò sún mọ́ ibẹ̀, ẹni tó ń gbé omi fún àwọn ológun lòun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun pẹ́ jí. Omi tó wà, ti mímu ni, òun bá fi iyanrìn ṣe àlùwàlá. Bí òun ṣe fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ìmọ́lẹ̀ tàn. Òun rò pé oòrùn ti yọ, pé ìrun Sùbúhì ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Òun fi ìtìjú kí i kíákíá. Nígbà tí òun sálámà tán, oòrùn gan-an wá yọ, láti ìhà ibòmíràn.

"Mo wá tún un kí," ló wí. "Mi ò mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì."

Bàbá mi ní Ọlọ́run á gba méjèèjì. Mo béèrè ohùn rẹ̀, mo béèrè ẹ̀fúùfù, mo béèrè bóyá iyanrìn náà gbóná. Ó ní ariwo kan dé lẹ́yìn náà bí àrá tó jìnnà. Iyanrìn kò yàtọ̀. Lẹ́yìn tó ti dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, ó wá bi mí ní tiẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló sọ fún yín pé ẹ̀fúùfù lè gbé e dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Rédíò ni. Àwọn ìwé ìròyìn náà sọ ọ́. Ìjọba wa fi bá Faransé jà."

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa," ló wí.

Àbúrò télọ̀ dúró sí Ẹ̀fìrẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí bàbá mi gbà á nímọ̀ràn pé ibi tó bá súnmọ́ títì, ẹni tó ń béèrè ènìyàn lè tètè dé ibẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń da àwọ̀n. Télọ̀ ń lọ kí i, ó sì ń padà wá pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Nígbà tí ogun Àlùjẹ́ríà parí, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tí àwọn onílẹ̀ gba ilẹ̀ wọn, àbúrò náà padà sí Àjàṣẹ́ bá ìyá rẹ̀. Ìjọba tiwa náà sì ti dín ọ̀rọ̀ kíkan rẹ̀ kù. Ọkọ̀ ojú omi Faransé tún ń gúnlẹ̀ sí Èkó.

Mo lọ kí wọn ní Àjàṣẹ́ ní ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà. Àbúrò télọ̀ ti fẹ́yàwó, ó ń ta ìwọ̀ àti okùn àwọ̀n ní ọjà. Mo ti gbọ́ nígbà yẹn pé àdéhùn tó parí ogun náà fi àyè sílẹ̀ kí Faransé ṣì máa yin bọ́ǹbù ní aṣálẹ̀ fún ọdún mélòó kan, lábẹ́ òkè. Kò yé mi. Mo bi í bí ẹni tó jà títí tó fi gba ilẹ̀ rẹ̀ ṣe lè fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó ronú sí i dáadáa, nítorí kì í fi ìbéèrè mi ṣeré. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ lo wà níbẹ̀, tí òkú ń sùn lójoojúmọ́, tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí i kó parí, ṣé wà á béèrè ohun tó wà lábẹ́ òkè?"

Mo ní mà á béèrè.

"Ìwọ, mo mọ̀," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kan dé, ó dìde lọ wọn okùn fún un.